Nọ́ńbà Mẹ́rin Ni Mo Kọ

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin

Jẹ́sì tuntun dé lónìí. Ó ń dán, ó ń rùn bí ike tuntun. Gbogbo wọn ya bo páálí náà bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ pín bisikíìtì fún. Àṣé ẹni tó rán an kò mọ̀ pé èèyàn máa ń ní ikùn. Nọ́ńbà mẹ́rin tí Bàbá Ìbejì ti ń wọ̀ láti ọdún mẹ́fà — ó gbé e bọ orí, ó dé àyà, ó dúró síbẹ̀. Kò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ó ní òun kọ́ ló sanra, aṣọ ló rù. Ó lọ gba mẹ́rìnlá tó fẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ló máa ń gbá fún wa, kò sì sí ẹni tó dà bí i rẹ̀ níbẹ̀, tó bá ti lè mí.

Nọ́ńbà márùn-ún kò sí nínú páálí rárá. Balógun ló ni ín. (Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, torí pé òun ni olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù mi láti ọdún mẹ́jọ.) Kò ráhùn. Ó mú mẹ́rin tí Bàbá Ìbejì jù sílẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ó ní nọ́ńbà kì í gbá bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Alága ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìgbáradì. Kò ní kí n jókòó. Eré mẹ́ta ló kù. Ipò kejì láti ìsàlẹ̀ la wà. Tá a bá já sí líìgì ìsàlẹ̀, kí n kó fèrè mi kí n máa lọ. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ẹ̀rín yẹn gan-an ló bí mi nínú.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní bọ́ọ̀lù, mi ò gba ife-ẹ̀yẹ kankan rí. Mo sọ fún un pé téèyàn bá ń ṣe nǹkan bó ṣe yẹ, àbájáde rere á wá bá a. Ó ní àbájáde náà ti pẹ́ lọ́nà o.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Òjò. Mo kọ orúkọ mọ́kànlá sílẹ̀, mo fà á ya, mo tún un kọ. Àwọn orúkọ yẹn náà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

A nà wọ́n. Méjì sí ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ n mu omi ná.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, torí ìwé yìí nìkan ló kù tí mi ò tíì purọ́ fún.

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́rin. Ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Ó ti rẹ Bàbá Ìbejì. Ọwọ́ òsì wa ti di ọ̀nà ọjà, ẹni tó wù ú ló ń gbabẹ̀ kọjá. Mo sọ fún Igbákejì — òun ló ń ràn mí lọ́wọ́ láti ọdún méje — pé kí Oníbúrẹ́dì máa nara, pé Bàbá Ìbejì ń jáde. (Oníbúrẹ́dì: ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló ń ṣiṣẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń po ìyẹ̀fun, síbẹ̀ òun ni kì í rẹ̀ nínú gbogbo wọn.) Mo mú bébà kékeré tá a fi ń pààrọ̀ èèyàn, mo kọ nọ́ńbà ẹni tó ń jáde, mo kọ ti ẹni tó ń wọlé, mo nà án sí òṣìṣẹ́ tó wà létí pápá.

Ọwọ́ mi kọ mẹ́rin. Ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ mẹ́rin fún Bàbá Ìbejì. Ọwọ́ ò mọ̀ pé jẹ́sì ti yí padà.

Wọ́n gbé pátákó sókè. Bàbá Ìbejì ò tiẹ̀ wò ó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Balógun ló wò ó. Ó wo pátákó, ó wo jẹ́sì ara rẹ̀, torí nọ́ńbà náà ò tíì mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Mo ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta níbẹ̀, ó pọ̀ tó láti pariwo pé "Rárá o! Mẹ́rìnlá!" Mi ò pariwo. Ojú ló ń tì mí. Alága wà lẹ́yìn mi, gbogbo èrò wà lẹ́yìn mi. Kóòṣì tí kò mọ nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀!

Balógun tú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń so mọ́ apá, ó fi so apá aṣọ́lé wa, ó rọra jáde. Nígbà tó ti kọjá ìlà funfun, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Òfin ò gbà kó padà. Ẹnì kan kígbe láti òkè pé orí mi ti dàrú.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, Oníbúrẹ́dì gba bọ́ọ̀lù láàárín, ibi tí Balógun ì bá wà. Ó sá kọjá ẹni méjì, ó gbá a. Igun òkè. Mo fò sókè bí ọmọdé. Ọlọ́run mi, ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko tí mo fi gbàgbé ohun tí mo ṣe.

Lẹ́yìn eré, Ìjókòó Àṣìṣe. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, tí wọ́n bá sì béèrè ohun tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe, òun ni màá tọ́ka sí. À báà na wọ́n, wọn ì báà nà wá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú okùn bàtà títí olúkúlùkù á fi sọ àṣìṣe ara rẹ̀ ẹyọ kan. O ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹlòmíì. Èmi ni mo máa ń sọ kẹ́yìn.

Bàbá Ìbejì ní àṣìṣe tòun ni pé òun jẹ ìrẹsì àwo méjì kóun tó wá. Ẹ̀rín. Aṣọ́lé ní òun sáré jáde jù. Ó kan Balógun. Ó ní, "Mo jáde, mi ò bọ ẹni tó wọlé lọ́wọ́. Kò dáa." Ó jókòó.

Ó kàn mí. Mo ní mo pariwo mọ́ rẹfirí jù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹrin

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò ti sọ mí lórúkọ: Ojú-Àṣá. Ó ní kóòṣì mélòó ló láyà láti yọ balógun tiẹ̀ nígbà tí góòlù ṣì dọ́gba? Ó ní ìgboyà nìyẹn. Ó ní ìríran nìyẹn. Ìyàwó mi gbé rédíò náà wá sí ibi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Orí mi wú. Kí n má purọ́, orí mi wú gan-an.

Ìyàwó mi: "Ojú-Àṣá, ọṣẹ wà létí yín."

Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin

Alága bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní kí n jókòó. Àga rẹ̀ rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Igbákejì béèrè lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́: ṣebí Bàbá Ìbejì ni mo sọ fún òun? Mo ní mo yí èrò mi padà. Ó ní ẹ̀yin náà lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rí, Kóòṣì. Ó gbà mí gbọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, ó lọ ń ká àwọ̀n. Ì bá ṣe pé ó jiyàn ni, ì bá sàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Balógun ló kọ́kọ́ dé sí ìgbáradì, bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo fi dé, ó ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Mo ti ṣètò ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti sọ ọ́ fún dígí lẹ́ẹ̀mejì nílé.

Kí n tó lanu, ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ ṣé, Kóòṣì." Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun sùn dáadáa lọ́jọ́ Sátidé, pé ó ti pẹ́ tóun ti sùn bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó bá mi ka bọ́ọ̀lù.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mẹkáníìkì ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń tún ṣe. Ìyàwó kan, ọmọ mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lọ́dọ̀ mi, kò pẹ́ dé rí, kò bú ẹnikẹ́ni rí. Tí ẹnì kan bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, mo ní, "Ẹ wo Balógun." Tí wọ́n bá ń jà, mo ní, "Ẹ wo Balógun." Mo rò pé mo ti sọ ọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ọkùnrin yìí ni mo wá jẹ́ kó gbà pé òun ò wúlò mọ́, torí pé ọwọ́ mi ò tètè kọ́ nọ́ńbà tuntun.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Onígbàjámọ̀ ní kí n má tò. Ó ní Ojú-Àṣá kì í tò. Àwọn tó wà lórí ìlà bínú, àmọ́ wọ́n gbà. Mo jókòó, mo ń gbádùn rẹ̀, mo yí ojú kúrò nínú dígí.

Ohun tí mo ti máa ń sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n má bẹ̀rù kí wọ́n nà wá. Ìjákulẹ̀ máa ń dunni, téèyàn bá sì ti mọ ibi tó ń dun òun, á wá nǹkan ṣe sí i. Ìṣẹ́gun lolè. Á kó ẹrù rẹ lọ níṣojú rẹ, ìwọ á sì máa jó. Mo máa ń sọ ọ́ dáadáa, wọ́n a máa mirí. Ó ti pẹ́ tá ò ti borí lẹ́ẹ̀mejì léraléra, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún mi láti máa sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Òjò dé. Àwáwí ni — abẹ́ òrùlé la wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Eré òde. A nà wọ́n, ẹyọ kan sí òdo. Eré náà burú, Ọlọ́run ló bá wa gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Tá a bá fi rí ọ̀mì lásán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ò ní já.

Mi ò fi Balógun sínú àwọn mọ́kànlá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi í sí i? Tí mo bá dá a padà, wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi yọ ọ́. Irọ́ àkọ́kọ́ ti bímọ, ọmọ náà ti ń wá ọkọ. Balógun jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń pín omi, ó ń bọ Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́ bó ṣe ń kọjá.

Yàrá tí wọ́n fún wa láti múra kéré bí àgọ́ adìyẹ, ẹ̀rọ omi ń jò níbẹ̀. A ṣe Ìjókòó. Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù kì í sọ̀rọ̀, òfin mi ni. Síbẹ̀, Balógun dìde. Ó ní àṣìṣe tòun ti pẹ́. Ó ní ó yẹ kóun ti fi ẹnu ara òun sọ pé ó tó, àmọ́ òun dákẹ́, òun ń retí kí ẹnì kan rí i. "Kóòṣì rí i." Ó kọjú sí mi, ó pàtẹ́wọ́. Ni gbogbo wọn bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Bàbá Ìbejì ń súfèé.

Mo ní àṣìṣe tèmi ni pé mi ò tètè ṣe ìpààrọ̀ ní ìlàjì kejì.

Wọ́n ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé. Mo dibọ́n pé mo sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kẹrin

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ń máàkì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, bíró pupa lọ́wọ́. Kò pariwo. Kò tiẹ̀ gbójú sókè kíákíá. Ó parí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ máàkì sí i, ó wá béèrè: ṣé mo fẹ́ kí ọkùnrin náà padà sínú eré ni, àbí mo kàn fẹ́ kí ọkàn mi fúyẹ́?

Mo ní méjèèjì.

Ó ní tó bá jẹ́ torí kí ọkàn mi lè fúyẹ́, kí n lọ sọ ọ́ fún Ọlọ́run, Ọlọ́run kì í ṣe mẹkáníìkì, kò ní dùn ún. Tó bá jẹ́ torí ọkùnrin náà, kí n lọ bá a. "Bàbá wọn, ẹ máa mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀."

Mo ní kì í ṣe òní ni mò ń lọ. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe òní. Ọdún mẹ́tàlélógún la ti fẹ́ra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹrin

Mo ti lọ. Mo ti sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ilé epo ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, mo rọra ń gbé ẹsẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Ìbọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ wa ni mo fi dá a mọ̀. Ó ní, "Kóòṣì, mo gbọ́ ìró bàtà yín, mò ń bọ̀." Mo ní kó má dìde, kó dúró síbẹ̀. Ó rọrùn fún mi láti bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ ju ojú lọ.

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Jẹ́sì, nọ́ńbà, pátákó, ojú tó fi wò mí, bí mo ṣe dákẹ́. Mo ní mi ò fẹ́ yọ ọ́ rárá, Bàbá Ìbejì ni mo fẹ́ yọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ipò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún un, òun ni yóò ṣáájú wọn jáde ní Sátidé. Ohùn mi ń lọ sókè. Ìròyìn ayọ̀ ni mo rò pé mo gbé wá. Mo ń dúró kó yọ̀.

Ìró sípánà dákẹ́. Ó fi ẹ̀yìn fà jáde, ó di bọ́ńpà ọkọ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ti ara rẹ̀ dìde. Ẹsẹ̀ òsì nà gbọọrọ bí igi, kò ká a. Mi ò rí i kó dìde báyẹn rí. Tàbí mo ti rí i, mi ò wò ó.

Ó ní, "Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan nígbà náà?"

Mo ní kí ni mi ò rí.

Ó ní orúnkún òun. Ọdún kejì rèé. Ó máa ń wú, ó máa ń há, ọjọ́ mìíràn ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wọ ṣòkòtò. Ó ní òun máa ń dè é nílé kóun tó wá. Ó ní ìdí tóun fi ń kọ́kọ́ dé ni pé òun ò fẹ́ kí n rí bóun ṣe ń rìn wọlé kí ara òun tó gbóná. Nígbà tó yá, ó rẹ òun láti máa fi í pa mọ́, òun wá ń retí kí n rí i. "Mò ń tiro níwájú yín, Kóòṣì. Gbangba." Nígbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè lọ́jọ́ náà, ó ní òun dúpẹ́ nínú ara òun. Ó lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Kóòṣì ti mọ̀, kò sọ̀rọ̀ ni kó má baà dójú ti òun, ó kàn rọra gbé òun kúrò. Ìyàwó rẹ̀ sunkún, ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Ó fi àkísà nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn ń bọ̀ wá gbé e ní aago mẹ́rin. Ó padà sábẹ́ rẹ̀. Kò bú mi o. Ì bá bú mi, ǹ bá mọ ohun tí mo máa fi dáhùn.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹrin

Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ kọ.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹrin

Balógun ò wá sí ìgbáradì. Ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo bọ́ọ̀lù ló rọ̀, kò sẹ́ni tó rántí fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Igbákejì ní bóyá ara rẹ̀ ò yá. Mo ní bóyá.

Mo kó àwọn ìwé eré mi jáde ní ọ̀sán. Lẹ́yìn gbogbo eré ni mo máa ń kọ nǹkan sí abẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ka ti ọdún méjì. Bàbá Ìbejì, ìdajì ojú ìwé: ó ń yípo pẹ́ jù, ó tún ti sanra, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ọ̀tún. Oníbúrẹ́dì, ojú ìwé kan àtààbọ̀. Aṣọ́lé, pẹ̀lú àwòrán. Balógun: "Dáadáa." "Dáadáa." "Bó ṣe máa ń ṣe." "Dáadáa." Níbì kan, orúkọ rẹ̀ nìkan, mi ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan sí i. Mo ka "dáadáa" mẹ́tàdínlógójì, mo pa ìwé dé.

Mo wá lọ wo èyí tí mo kọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ojú ìwé méjì. Mo bú u níbẹ̀ dáadáa. Mo ní ó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń lé ajá. Mo mọ bó ṣe ń mí nígbà yẹn, mo mọ èjìká tó máa ń kọ́kọ́ rẹlẹ̀ tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé e tán ni mo ti gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n wò ó, èmi ò wò ó mọ́. Mo pè é ní ìfẹ́. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀lẹ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ṣé kò lè rí èkù náà ni?

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kẹrin

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: mi ò ní kó wá gbá bọ́ọ̀lù, kó ṣáà wá jókòó. Kò fèsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹrin

Wọ́n nà wá. Ẹyọ kan sí òdo. A ti já.

Balógun wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ ilé lọ́rùn. Ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, Igbákejì wà láàárín wa. Ó kí mi, mo kí i, ó parí.

Mi ò tíì rí irú eré yẹn láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò sọ àsọdùn. Bọ́ọ̀lù ń kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnì kan kí ẹnì kejì tó pè é. Bàbá Ìbejì ń sáré bí ọmọ ogún ọdún, ikùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Igi góòlù gbá tiwa padà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìlàjì kìíní, Balógun tẹ̀ síwájú kọjá àyà Igbákejì, ó ní, "Ẹ wo Oníbúrẹ́dì, ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún." Mo wò ó. Òótọ́ ni, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ní gbogbo ìgbà tó bá dúró. Ká ní kò sọ ọ́ ni, mi ò ní rí i. Mo ní kí òun àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ ibi tí wọ́n wà kó lè sinmi díẹ̀. Igbákejì wo èmi, ó wo Balógun, ó dìde, ó ní òun fẹ́ mu omi. Balógun sún mọ́ mi.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí, ó ba gìgísẹ̀ Bàbá Ìbejì, ó yí, ó rọra yí wọlé. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Mo sunkún, mi ò fi í pa mọ́. Tí wọ́n bá ní kí n fi ìṣẹ́gun méjì tó kọjá pààrọ̀ eré òní yìí, pẹ̀lú góòlù burúkú yẹn, màá gbà. Kí Alága má rí ojú ìwé yìí.

Wọn ò fẹ́ ṣe Ìjókòó. Mo rí i lójú wọn. Aṣọ́lé ti fi aṣọ bo orí. Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ń dúró kí n jáde kó lè sọ tiẹ̀. Mo ní èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ lónìí.

Mo sọ ọ́. Mo ní lọ́jọ́ karùn-ún oṣù yìí, nọ́ńbà ni mo ṣì kọ. Mi ò rí nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń sọ lórí rédíò, irọ́ ni, mo sì jẹ irọ́ náà, ó dùn lẹ́nu mi. Bàbá Ìbejì ní, "Èmi lẹ fẹ́ yọ?" Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Igbákejì wo ilẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí Alága kúrò lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò.

Mo ní ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ. Mo rú òfin ara mi, mo dárúkọ rẹ̀. Mo ní Balógun tiro níwájú mi fún ọdún méjì, mi ò rí i.

Mo lọ síbi tó jókòó sí, mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tútù yẹn, èmi tí mo lè bí òmíràn nínú wọn. Wọ́n ní "Há, Kóòṣì!" Mo ní kó fi hàn mí. Ó mi orí, ó ní èèyàn wà níbí. Mo ní mo mọ̀. Mi ò dìde.

Ó ká ṣòkòtò sókè. Bándéèjì wà níbẹ̀, ó tú u, ó gùn. Orúnkún náà wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, awọ rẹ̀ ń dán, epo ọkọ̀ ti wọ inú ìlà ara rẹ̀ tí ọṣẹ ò lè yọ. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó gbóná. Mo béèrè pé ṣé ibí? Ó ní ó tún lọ sókè díẹ̀. Mo béèrè inú eré wo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀, mo rántí eré náà. Mo rántí òjò ọjọ́ náà àti ẹni tó gbá góòlù. Mi ò rántí pé ó ṣubú. Ó ní òun ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn yòókù ti yí wa ká, bàtà wọn ṣì wà lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó yá ó fọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní, "Ó tó, Kóòṣì. Ẹ dìde."

Mo ní kó jẹ́ n wò ó díẹ̀ sí i.